Igun Tí Glenys Dúró Sí

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń bá jà. Ó wà ní ojú ìwé kẹta nínú ìwé tí àwọn ọlọ́pàá kọ nípa ikú ìyàwó mi. Ó kà báyìí: "Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ náà dúró síbi tí kò yẹ kí ó dúró sí." Wọn kò dárúkọ rẹ̀ nínú gbólóhùn náà. Glenys ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni a fi jẹ́ tọkọtaya.

Ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ adájọ́ tó ń wádìí ikú òjijì. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ni adájọ́ máa jókòó lé e lórí. Bí gbólóhùn yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀bi Glenys ni ikú Glenys, kò sì sí ẹni tí yóò tún ṣí ìwé náà mọ́.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹfà, ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Òtútù mú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́. Glenys gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde láti lọ lúwẹ̀ẹ́ ní adágún ìwẹ̀ ìlú, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gba Òpópónà Gaunt; apá òsì títì ni a ń gbà lọ́dọ̀ wa. Láti ibẹ̀, ó ní láti yà sọ́tùn-ún sí Òpópónà Harcott. Ọ̀nà ọkọ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Gaunt. Ẹni tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún bí ọkọ̀ ṣe ń yà ní láti já sáàárín àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó dé ọ̀nà tó wà lápá ọ̀tún. Glenys kò lè ṣe ìyẹn. Kò lè ṣe é rí.

Ọ̀nà mìíràn wà, yíyà oníkọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yóò dúró sí apá òsì rẹ̀, yóò bá iná aláwọ̀ ewé sọdá ìkòríta tààrà, yóò dúró ní igun òsì tó wà níwájú, yóò yí imú kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún, yóò sì dúró de iná ojú ọ̀nà kejì. Bí iná yẹn bá ti yí, yóò ṣáájú àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Kò sí pé à ń já sáàárín ẹnikẹ́ni. Ohun tí Glenys ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ó sọdá, ó dúró, ó yí imú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan ń bọ̀ lẹ́yìn lórí Gaunt. Ọkọ̀ kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, tó ti dúró. Awakọ̀ akẹ́rù náà kò fẹ́ dúró. Ó gba òsì ọkọ̀ kékeré náà kọjá láìdẹ ìrìn, ó sì gbá ìyàwó mi níbi tó dúró sí.

Awakọ̀ náà sọ fún ọlọ́pàá pé, "N ò retí pé èèyàn lè wà níbẹ̀. Ṣé Melbourne nibí ni?"

Ẹni tó bá ń gbé ní Merrigal, ìlú wa, mọ ohun tó ń sọ. Ní Melbourne, àwọn ọkọ̀ pàápàá ń ya yíyà oníkọ́ láàárín ìgboro nítorí tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín títì, wọ́n sì gbé pátákó rẹ̀ kọ́ sókè. Gbogbo ará ìlú wa tó bá ti wa ọkọ̀ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ní ìtàn nípa rẹ̀: bí ó ṣe ṣìnà, bí tíráàmù ṣe lu aago mọ́ ọn, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe di ojú. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń yan ẹran lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní Merrigal kò sí tíráàmù, kò sì sí pátákó. Nítorí náà gbogbo ènìyàn gbà pé a kò gbọdọ̀ ṣe é níbí.

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ti ọkọ̀ ni pátákó. Kẹ̀kẹ́ lè ya yíyà oníkọ́ ní ìkòríta èyíkéyìí, àyàfi ibi tí pátákó bá ti kọ̀ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà ní ìlú yìí, orí kẹ̀kẹ́ ni mo sì wà ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn kí wọ́n tó fún wa ní alùpùpù. Wọ́n kọ́ wa ní òfin ojú pópó, wọ́n sì dán wa wò lórí rẹ̀. Ajá ti bù mí jẹ lẹ́ẹ̀mejìlá. Ọkọ̀ kò gbá mi rí.

Èmi náà ni mo kọ́ Glenys. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà pákó àti ìṣó tó wà ní ìdí ọ̀nà wa. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ìkòríta sílẹ̀. Mo ya àwọn iná. Mo di ọkọ̀, mo di iná, mo ń pàṣẹ. Ó ṣe é títí tí kò fi ní láti wo ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí a wá lọ ṣe é ní Harcott gan-an, ó ní, "Lindsay, ó dà bíi pé mò ń fi ara mi hàn níwájú gbogbo wọn."

Mo ní, "Ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá rí, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́."

Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Wọ́n dá àwọn ẹrù rẹ̀ padà fún mi nínú àpò bébà. Táwẹ́lì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Gbígbẹ ni.

Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Ní oṣù kẹsàn-án, mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Ẹni tó jáde sí mi ni Sájẹ́ǹtì Voula Manettas, obìnrin tó tó ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Òun ló fọwọ́ sí ìwé náà.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Pruett, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù."

"Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ kí ẹ yọ gbólóhùn kan kúrò nínú ìwé yín."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó ní kò yẹ kí ìyàwó mi dúró níbi tó dúró sí."

Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, ọdún méjìlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Melbourne kí n tó wá síbí. Ibi tí pátákó bá wà ni wọ́n ti ń ya irú yẹn. Ẹ fi pátákó kan hàn mí ní Harcott."

"Kẹ̀kẹ́ ò nílò pátákó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òfin ni." Mo gbé ẹ̀dà ojú ìwé òfin náà síwájú rẹ̀. Mo ti fa ìlà sábẹ́ ibi tó yẹ. Ó gbà á, kò wò ó, ó tì í bọ inú fáìlì kan tó ti kún.

"Màá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ," ni ó wí. "Ẹ lọ sílé, kí ẹ lọ sinmi. Ẹnikẹ́ni ò bá ìyàwó yín jà."

"Ìwé yín ń bá a jà."

Mo fi fìlà mi dé orí, mo jáde.

Ojú ọ̀nà ni mo ti ronú rẹ̀ já. Bí ohun tí Glenys ṣe bá lòdì sófin, yóò lòdì sófin bí èmi náà bá ṣe é. Òun kò lè lọ sílé ẹjọ́ mọ́. Èmi lè lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá mú mi. Bí wọ́n bá mú mi, wọ́n ní láti sọ òfin tí mo rú, níwájú adájọ́, kí a sì kà á sókè.

Mo fara balẹ̀ tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe. Mo pààrọ̀ bíréèkì méjèèjì. Mo fi iná funfun síwájú àti iná pupa sẹ́yìn, mo sì ń tàn wọ́n ní ojúmọmọ. Òfin ní kí kẹ̀kẹ́ ní aago, mo nu tèmi títí ó fi ń dán. Mo wọ ẹ̀wù ofeefee tí ń tàn yẹ̀rì. Akoto mi wà lórí, okùn rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n bó ṣe yẹ. N kò fẹ́ kí wọ́n rí ohun mìíràn mú mi lé lórí. Ohun kan péré ni kí wọ́n rí.

Mo tún so okùn oníke líle bíi mẹ́wàá mọ́ akoto náà, tí wọ́n ta ṣóńṣó sókè bí ẹ̀gún. Oṣù tí àwọn ẹyẹ mágípáì ń pamọ ni, ọ̀kan nínú wọn sì wà lórí igi kan ní Gaunt tó máa ń fò kọlu orí ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Wọ́n ní ẹ̀gún yìí ń lé e. Kò lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ń gba Gaunt, mo ń sọdá, mo ń dúró ní igun tí Glenys dúró sí, mo ń yí imú kẹ̀kẹ́ mi, mo ń fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni iná fi ń pẹ́ kó tó yí. Mo kà á.

Ní ọjọ́ kìíní, ọkọ̀ mẹ́rin fun fèrè mọ́ mi. Obìnrin kan yọ orí jáde láti ojú fèrèsé. "Bàbá, ṣé ẹ sọnù ni?"

"Rárá. Mò ń dúró de iná."

"Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń dúró de iná."

"Ibí yìí ni."

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọkọ̀ tó gbé àkàbà.

Ọ̀kan nínú wọn pè mí. "Olórí ẹlẹ́gùn-ún, gba títì sílẹ̀ fún àwọn tó níṣẹ́ láti ṣe."

Èkejì ní, "Fi í sílẹ̀, bóyá ó ń dúró de tíráàmù."

"Á pẹ́ kí ó tó dé o, bàbá. Á tó ọgọ́rùn-ún ọdún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo na ìka sí iná tó wà lókè. Nígbà tó yí, mo lọ. Wọ́n ju bébà tí wọ́n fi wé páì lù mí ní ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mo dúró, mo ṣà á, mo lọ sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí gbogbo ìlú. Merv, aládùúgbò mi, tí a jọ pín lẹ́tà nígbà kan, na àpò ọsàn wẹ́wẹ́ sí mi lórí ọgbà.

"Lindsay, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ níbi tí àwa àgbà ti ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ní orí rẹ ti dàrú látìgbà tí Glenys ti lọ."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

"Mo ní irọ́ ni. Mo ní bí orí rẹ ṣe wà láti ilẹ̀ nìyẹn." Ó họ àgbọ̀n rẹ̀. "O ò ṣe gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwé? Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀ rárá."

"Glenys ò gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwé."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí màá fi gbà á?"

Ó fi ọsàn náà lé mi lọ́wọ́, ó wọlé lọ.

Ọmọbìnrin wa, Kerryn, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Melbourne. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé Merv ló pè é. Ó jókòó sídìí tábìlì ìdáná, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Mo po tíì. Kò mu ún.

"Dádì, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró."

"Nígbà tí wọ́n bá yọ gbólóhùn yẹn, màá rò ó."

"Èèyàn tí ọkọ̀ gbá tí wọ́n ń gbé wá síwájú mi pọ̀ lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bóyá òfin wà lẹ́yìn wọn. Egungun tó kán ti kán ná."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Òfin wà lẹ́yìn Mọ́mì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ sọ? Kí ló ṣe fún wọn?"

Mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo ń fọ ife tí kò dọ̀tí.

Ó wá sọ ohun tí mo ti ń retí láti oṣù kẹfà. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà wọ́n. Bí kò bá ṣe yín ni, mọ́tò ni wọn ì bá wọ̀ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tún wá ń lọ dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́, kí n lè sin ẹ̀yin náà."

Mo pa ẹ̀rọ omi. Mo nu ọwọ́ mi. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo jókòó níwájú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi.

"Kerryn, bí gbólóhùn yẹn bá dúró, a jẹ́ pé ohun tí òfin kọ̀ ni mo kọ́ ìyá rẹ. Èmi ni mo mú un lọ dúró síwájú ọkọ̀. Bí kò bá dúró, a jẹ́ pé ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ló lọ bá a níbi tó ní ẹ̀tọ́ láti wà. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni màá máa bá gbé títí tí màá fi kú. Mo ní ẹ̀tọ́ láti mọ èyí tó jẹ́."

Ó fa ife rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó mu tíì náà, tó ti tutù. Nígbà tí ó fẹ́ lọ, ó fi ọwọ́ fa okùn akoto mi lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dì dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá tí mo fi ń lọ síbẹ̀, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí adájọ́ jókòó. Bí mo ṣe dúró ní igun náà, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan páàkì sẹ́bàá ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì Manettas bọ́ sílẹ̀, ó sì rìn wá sí eteetí títì.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruett, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Iná ò tíì yí, Sájẹ́ǹtì."

"Mo ní kí ẹ kúrò níbẹ̀."

"Bí mo bá lọ báyìí, iná pupa ni màá wọ̀. Ṣé kí n rú òfin ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi. Sájẹ́ǹtì kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, èmi náà dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan bá mi dúró de iná náà. Nígbà tó yí, mo rọra yà bó ṣe yẹ, mo kúrò lójú ọ̀nà, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Èèyàn mọ́kànlá ti pè wá nípa yín."

"Kí ni wọ́n ní mo ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ̀ ń rú òfin ojú pópó."

"Ó dára. Ẹ kọ ìwé ìtanràn fún mi."

"Bàbá, n ò fẹ́ kọ ìwé ìtanràn fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìdí tí mi ò fi rán ẹlòmíràn wá nìyẹn. Ẹ kàn lọ sílé."

"Ẹ ti kọ ọ́ fún ìyàwó mi. Òun ò lè dá yín lóhùn. Èmi lè dá yín lóhùn. Ẹ kọ ọ́."

Ojú rẹ̀ le. Ó yọ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde láti inú ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tẹ ìwé ìtanràn sí. Ó béèrè orúkọ mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí, mo sọ ọ́. Ó béèrè àdírẹ́sì, mo sọ ọ́. Ó yí kẹ̀kẹ́ mi po. Ó tẹ bíréèkì iwájú, ó tẹ ti ẹ̀yìn. Ó wo àwọn iná. Ó lu aago lẹ́ẹ̀kan. Ó wo akoto mi.

"Kí ni àwọn nǹkan ṣóńṣó yìí?"

"Nítorí mágípáì ni."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Rárá."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan, ó dúró. Ó tún tẹ òmíràn. Mo mọ ibi tó dé. Ẹ̀rọ náà kò ní gba orúkọ mi àti àdírẹ́sì mi wọlé bí kò bá kọ nọ́ńbà òfin tí mo rú.

Mo ní, "Kí ni nọ́ńbà rẹ̀?"

"Ẹ fún mi láyè."

"Mo ní àyè."

Ó wá a lábẹ́ dídí ọ̀nà fún ọkọ̀. Ó kà á, ó fi í sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó dúró de iná pupa kò dí ọ̀nà. Ó wá a lábẹ́ yíyà láìbófinmu. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá. Iná yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yí ìwé òfin tó wà nínú ẹ̀rọ náà sókè sódò pẹ̀lú ìka kan, lẹ́yìn náà ìka náà dúró.

"Ẹ kà á sókè," ni mo wí.

Kò fẹ́ kà á sókè. Ó kà á. "Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún ní ìkòríta, lè..."

"Ẹ kà á tán."

Ó kà á tán pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń dúró sí apá òsì, bí a ṣe ń sọdá, bí a ṣe ń dúró ní igun, bí a ṣe ń retí iná, títí dé ibi tó ti sọ pé àfi bí pátákó kan bá kọ̀ ọ́. Ó wá gbé ojú sókè. Ó wo àwọn òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà wò wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ ohun tó wà lára wọn. Bébà kan péré ni, tí ẹnì kan fi ń wá ológbò rẹ̀ tó sọnù.

"Ojú ìwé tí ẹ mú wá sí àgọ́," ni ó wí, "òun kan náà ni?"

"Òun kan náà ni. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀."

"N ò kà á."

"Mo mọ̀."

Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tí a ní kó bá wa gbé nǹkan mú, tí a ò sì padà wá gbà á. "Màá kọ ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí adájọ́."

"Nígbà wo?"

"Lónìí. Bí mo bá ti dé ọ́fíìsì."

"Ẹ kọ ọ́ níbí."

"Ọ̀gbẹ́ni Pruett, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é wà."

"Ẹ lè tún un tẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀ ń gbà ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ níbí, níbi tí ẹ ti wò ó. Mo ní bírò."

Mo mú bírò jáde láti àpò ẹ̀wù mi. Mo rò pé yóò bá mi jà. Ó gbà á. Ó gbé bébà lé iwájú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó sì kọ ọ́ ní ìdúró. Kò yára. Ó kọ ọjọ́, ó kọ aago, ó kọ orúkọ òpópónà méjèèjì. Ó kọ pé òun yẹ òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, pé kò sí pátákó, pé òfin karùndínlógójì gba ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láàyè. Nígbà tó dé ibi orúkọ, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Kò kọ "ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ náà." Ó kọ "Glenys Pruett." Ó fọwọ́ sí i, ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó sì fún mi ní bébà náà.

Ó ní, "Ẹ má bínú."

Mo ní, "Mò ń bínú."

Ó mi orí. Mo rò pé ó gbà á bó ṣe rí. Mo ká bébà náà sí àpò àyà, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sílé. Ẹyẹ náà kọlu orí mi ní Gaunt. Mo jẹ́ kó kọlù mí.

Ìwé adájọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìjókòó. Gbólóhùn tuntun wà níbẹ̀ ní ojú ìwé kejì: "Ìyáàfin Pruett wà níbi tí òfin gbà á láàyè láti wà." Awakọ̀ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́ ní ilé ẹjọ́ mìíràn báyìí. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi.

Mo pe Kerryn, mo ka gbólóhùn náà fún un lórí fóònù.

"Ẹ tún un kà," ni ó wí.

Mo tún un kà.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, kò yí nǹkan kan padà."

"Ó yí gbólóhùn kan padà."

"Mọ́mì ò ní padà wá."

"Rárá. Kò ní padà wá."

Kò sí ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀ nínú wa. Kó tó lọ, ó béèrè bóyá mo ti pààrọ̀ bátìrì iná ẹ̀yìn. Mo sọ fún un pé mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Merv bá mi lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, mo ti wọ ẹ̀wù ofeefee.

"Níbo lò ń lọ? Ṣé wọn ò ti yọ ọ́ ni?"

"Wọ́n ti yọ ọ́."

"Ìwọ lo borí. Kí lo tún ń wá lọ síbẹ̀?"

"Adájọ́ nìkan ló ka ìwé yẹn, Merv. Àwọn tó ń fun fèrè mọ́ mi ò tíì kà á."

"Wọn ò sì ní kà á láé."

"Wọ́n á máa rí mi nígbà náà."

Mo gba Gaunt. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, iná aláwọ̀ ewé. Mo sọdá tààrà, mo dúró ní igun tí Glenys dúró sí, mo yí imú kẹ̀kẹ́ mi, mo fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ọkọ̀ kan sún mọ́ mi lẹ́yìn, ó fun fèrè. Ó tún fun ún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìdá. N kò wẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà, mo sì kà á títí iná fi yí.